Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Inú Rẹ̀ Kò Dùn

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn yìí tí ó ń wọ bàtà sùn, kí àlá má baà bá a ní ẹsẹ̀ lásán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ipò ló wọ̀ ọ́ lára. Olúṣẹ̀yẹ Májẹ́kódùnmí ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni alága Káńsù Oríta-Ayọ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilé àwọn olówó Bódìjà ti parí, tí ó sì gba inú Agbowó kọjá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti ń sùn nínú yàrá tí adìyẹ mẹ́rin yóò kọ̀.

Kí ó tó dé ipò, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń ta páànù àti ìṣó ní Òjòó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń wọn ìṣó fún oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Bàbá Onípáànù, yóò dáhùn tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti gun àga alága, etí rẹ̀ kò gba orúkọ kúkúrú mọ́. Àràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń tò sí ẹnu géètì bí ọmọ iléèwé, tí Bámidélé, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, yóò sì máa kígbe pé:

"Ọnọ́rébù! Olóyè! Alàgbà! Ambásẹ́dọ̀! Òjò tí ń wá ilẹ̀ gbígbẹ kiri! Alága tí àwọn alága ń pè ní alága!"

Gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀. Alága á mi orí lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni pé ẹrù wà nínú orí náà, tí kò sì fẹ́ kó dànù.

Àga rẹ̀ pàápàá di ẹni ọ̀wọ̀. Akọ̀wé kan ló ṣèèṣì wí lọ́jọ́ kan pé, "Àga yìí ti ń mì, ó fẹ́ gba ìṣó." Bámidélé bá a wí lójú gbogbo èèyàn: "Wọ́n ti ń mì! Wọ́n fẹ́ gba ìṣó! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni àga Alága?"

Iṣẹ́ ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí kò lè ṣí. Ó ṣí gegele ojú títì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà, ó gé ríbọ́nì níbẹ̀, ọkọ̀ tí ó gbé e wá ló sì kọ́kọ́ fi ìdí gbá a. Ó ṣí ihò kan tí wọ́n fẹ́ dí, ó tún padà wá ṣí i nígbà tí wọ́n dí i tán. Nígbà tí òjò gbá ohun tí wọ́n fi dí i lọ, ó fẹ́ ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta. Aṣọ tí yóò wọ̀ lọ ni kò tíì jáde lọ́dọ̀ télọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí tí àṣẹ fi wá láti òkè pé kí káńsù kọ̀ọ̀kan jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ fún ará ìlú lórí rédíò. Jìnnìjìnnì bo àwọn alága tó kù. Inú Olúṣẹ̀yẹ dùn ní tirẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá ibi tí yóò ti yin ara rẹ̀ fún odidi wákàtí kan láìsí ẹni tí yóò wúkọ́.

Ọlọ́runtóyìn, obìnrin tí ń bójú tó ìròyìn ní káńsù, ni ó ní kí ó kọ ìjábọ̀ náà. Obìnrin yìí ti sin ọ̀pọ̀ alága kọjá, ó sì mọ ohun tí alága ń fẹ́ gbọ́. Ó kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ni káńsù bi léèrè ọ̀rọ̀, pé inú gbogbo wọn ló dùn sí ìṣèjọba yìí, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Orí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni Ọlọ́runtóyìn jókòó sí tí ó fi bi ẹgbẹ̀rún náà, ó ń jẹ gúgúrú lọ.

Alága ka ìjábọ̀ náà, ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, títí ó fi dé ibẹ̀. Ẹ̀rín náà kú.

"Ta ni ẹni yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà?"

"Ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn. Ta ni?"

Ọlọ́runtóyìn tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Sà, a kì í bèèrè orúkọ. Àti pé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà. Ìròyìn tó bá ti dán jù, àwọn ará òkè á fura sí i."

"Kí ni mo ṣe fún un?" Ohùn Alága gbọ̀n lóòótọ́. "Ọlọ́runtóyìn, kí ni mo ṣe fún ọkùnrin yìí?"

"Ó lè jẹ́ obìnrin, sà," ni Bámidélé wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Irú àìmoore bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ló ni ín." Ọlọ́runtóyìn wò ó, ó gbé ojú kúrò.

Ohun tí kò yé àwọn tí ń bú Olúṣẹ̀yẹ nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Wọ́n rò pé òpùrọ́ ni. Òpùrọ́ kọ́. Òpùrọ́ a máa mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ọkùnrin yìí ní kí wọ́n kọ irọ́ fún òun, ó kà á, ó sì gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn bí ẹ̀gún. Oúnjẹ kò lọ. Bí ọkọ̀ bá ń gbé e láti Challenge bọ̀ wá sí Bódìjà, gíláàsì fèrèsé ló ń lẹ ojú mọ́, tí ó ń wo ojú àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá òun á rí i. Ó rí ọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀ tó lejú kokooko, ó ní kí Ahmed, dírẹ́bà rẹ̀, dúró lójú ẹsẹ̀. Oòrùn ló ń pa ọkùnrin náà lójú.

Ọjọ́ ìjábọ̀ pé. Wọ́n gbé Alága lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ring Road, Nasir tó jẹ́ olóòtú ètò sì fi ìkíni gbà á wọlé. Ó ka ìjábọ̀ náà bí ẹni ń ka ìwé ìhìn rere. Nígbà tí ó dé ibi ẹ̀gún ọkàn rẹ̀, ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, Ọlọ́runtóyìn rí i pé ó gbé e kalẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé orí.

"Ẹ̀yin ará Oríta-Ayọ̀!" ni Alága ké. "Ẹ̀yin tí oòrùn ìṣèjọba mi ń ràn sí lára láìgba owó iná! Bí olùṣọ́-àgùntàn bá ní ẹgbẹ̀rún àgùntàn, tí ọ̀kan ṣoṣo fajú ro, ṣé ó lè sùn? Èmi ò sùn o! Mò ń pè ọ́, ìwọ ẹ̀dá Ọlọ́run tí inú rẹ kò dùn. Wá sí káńsù lọ́la. Má bẹ̀rù. Ohunkóhun tó bá ń dùn ọ́, kí oòrùn tó wọ̀, màá ti yanjú ẹ̀. Bí mi ò bá yanjú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní alága mọ́!"

Nasir rí oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la rẹ̀. "Ọnọ́rébù, ṣé kí a kúkú gbé ètò yẹn sáfẹ́fẹ́ tààrà láti káńsù, kí gbogbo ayé lè gbọ́?"

"Ẹ gbé e wá! Ẹ gbé máìkì méjì wá!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Alága kò lè dé géètì. Èrò ti kún ojú títì láti iwájú káńsù títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà wọ Agbowó. Àwọn kan gbé àga wá láti ilé. Ẹnì kan ti ń ta omi tútù.

"Bámidélé," ni Alága wí, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omijé, "wọ́n wá dúpẹ́."

"Wọ́n wá dúpẹ́, sà! Wọn ò tíì rí irú ẹ̀ rí!"

Alága sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ ṣeun o! Ẹ ò bá má ṣe wàhálà tó báyìí!" Kò sí ẹni tó dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ náà jọ ọ́ lójú bí ọ̀wọ̀. Nasir ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú máìkì rẹ̀. Bámidélé gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wú ikọ́, ó kígbe:

"Kí ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn bọ́ síwájú!"

Gbogbo wọn bọ́ síwájú.

Islamiat aránṣọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Alága, igi ni ó fi ń tilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. "Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni inú mi ò dùn. Ọjọ́ tí ẹ wá ṣí gọ́tà wa ní Agbowó, àwọn èèyàn yín ká ìdérí ẹ̀ kúrò kí fọ́tò lè dáa. Wọn ò dá a padà. Mo já sínú ẹ̀. Mi ò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, sà, ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́."

Kí Alága tó la ẹnu, ọkùnrin kan ti fi èjìká là wọ àárín wọn. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni náà. Èmi ni. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń da pàǹtí gbogbo àdúgbò sí."

"Pàǹtí lásán?" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Òjò ń pa àwọn ọmọ mi nínú kíláàsì! Alága onípáànù, iléèwé aláìlórùlé! Ta ló tún lè jẹ́ ẹni náà bí kò ṣe èmi?"

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo náà. Wọ́n ń fa ara wọn láṣọ. Èèyàn mélòó ló lè sọ pé òun ti rí ibi tí àwọn aráàlú ti ń jà dupò ẹni tí ìyà jẹ jù?

Olóṣèlú mìíràn ì bá ti sá lọ. Olúṣẹ̀yẹ kò sá. Ìjábọ̀ sọ pé ẹnì kan ni. Ẹnì kan náà ni yóò jẹ́. Ó fa Ọlọ́runtóyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, èwo ni ojúlówó? Àwọn tó kù ayédèrú ni."

"Sà," ni Ọlọ́runtóyìn wí, ó rẹ̀ ẹ́, "kò sí ẹni kankan. Mo jókòó ni mo kọ ọ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

Alága wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló ń sọ. "Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìjábọ̀," ni ó wí.

Lẹ́sẹ̀kan náà ló gbé Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Ojúlówó Ẹni Tí Inú Rẹ̀ Kò Dùn kalẹ̀, ó fi igbákejì rẹ̀, Olúwadáre, ṣe olórí. Wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi. Ẹni tó bá wá, wọ́n á bi í pé ọjọ́ wo ni inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣé ó ní ẹlẹ́rìí, ṣé kì í ṣe láti ilé ọkọ tàbí ilé aya ni ìbànújẹ́ náà ti wá tí ó fi ń di ẹ̀bi ru káńsù. Bàbá kan ní òun ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní kó pè é. Ó nawọ́ sí gbogbo èrò.

Rédíò ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní Mọ́níyà, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Jẹ́ríkò. Nígbà tí ó di ọ̀sán, àwọn tí kò ní í lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Alága gbójú sókè, ó rí Ahmed, dírẹ́bà rẹ̀, tí ó ti pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì tò sẹ́yìn ìlà.

"Ahmed! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Ọnọ́rébù. Mò ń bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó kàn mí."

Ó kan Alága lára, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí máìkì. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí èrò là sí méjì, tí àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ẹ fún ìyá lọ́nà, ẹ fún ìyá lọ́nà." Obìnrin àgbàlagbà kan ń bọ̀, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Olúwadáre tí ó jókòó sí tábìlì kò mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ káàsán mà. Orúkọ yín?"

"Nùsírátù."

"Ṣé ẹ̀yin náà sọ pé ẹ̀yin ni ẹni náà?"

"Èmi ni."

Agbádá Olúṣẹ̀yẹ balẹ̀ gbẹ̀ẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, nítorí ìyá tó bí i lọ́mọ ni. Èrò pariwo, "Hẹ̀ẹ̀n!"

"Màmá," ni ó wí nísàlẹ̀ níbẹ̀, ohùn wẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé."

"Ilé wo?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn, Nasir sì ti sún máìkì mọ́ wọn. "Ìgbà wo lo délé gbẹ̀yìn? Rédíò ni mo ti ń gbọ́ ẹ. O ní kí ẹni tí inú ẹ̀ ò bá dùn máa bọ̀, mo dẹ̀ ti dé. Dìde, Ṣẹ̀yẹ. Aṣọ ẹ ń bàjẹ́."

Ó dìde.

"O gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí iwájú ilé wa. O kọ orúkọ mi sára ẹ̀, gàdàgbà. Èèyàn jó, èèyàn yọ̀, ẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìkán omi kan ò jáde níbẹ̀. Àárọ̀ tí Ọlọ́run bá dá, tí mo bá jáde lọ kírun, àwọn obìnrin àdúgbò á gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dúró, wọ́n á ní, 'Àlájà, omi yín dà?' Omi mi! Èmi tí mo bá wọn gbé ní ìrẹ̀lẹ̀ láti ìgbà tí a ti ti Ìgbòho dé. Mo ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde báyìí bí ẹni jalè."

"Màmá, ìjábọ̀ tí wọ́n fún mi sọ pé omi wà níbẹ̀."

"Ṣẹ̀yẹ. Bàbá ẹ ló ń jẹ́ Májẹ́kódùnmí. Èmi kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Islamiat, tí wọ́n ti fún ní àga lẹ́yìn tábìlì, bú sẹ́kún, a ò mọ ẹni tí ó ń sunkún fún. Olúṣẹ̀yẹ dúró láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí ó ń ṣe é kò sì ní orúkọ tó mọ̀. Ó wá Bámidélé kiri kí ó bá òun sọ nǹkan kan. Bámidélé ń wo fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó ní òun á pe àwọn tó gbẹ́ kànga. Wọn kò gbé fóònù. Ó ní kí wọ́n lọ bo gọ́tà Islamiat lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá ìdérí náà títí, wọn kò rí i. Nígbà tí oòrùn dà sí ẹ̀yìn òrùlé, Nasir rọra bèèrè ohun tí ìlérí àná ti já sí. Olúṣẹ̀yẹ na ara ró.

"Ẹ̀yin aráàlú, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò tọgbọ́n-tọgbọ́n. Mo ní kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé mo sọ oòrùn ọjọ́ kan pàtó?"

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Fóònù rẹ̀ dún ní àárín ariwo. Bàbá Ikúbọlájẹ́ ni, àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn tí ń gbé ní Jẹ́ríkò, ẹni tó fà á kalẹ̀ fún ipò.

"Olúṣẹ̀yẹ, mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀."

"Bàbá, àwọn ọ̀tá ni wọ́n kó èrò wá..."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Ọ̀tá ni?"

Olúṣẹ̀yẹ yí fóònù sí etí kejì.

"Ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ pé tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní alága mọ́. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo jókòó sí. Ó ti wọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n ti ń jó níwájú ọkọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá jókòó pọ̀, wọ́n yọ ọ́ kí tíì wọn tó tutù. Olúwadáre di alága. Bámidélé fún un ní orúkọ tuntun méjì ju ti Olúṣẹ̀yẹ lọ, ó ní iyì kò gbọ́dọ̀ máa lọ sẹ́yìn. Ìjábọ̀ Olúwadáre àkọ́kọ́ jáde láìpẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò dùn. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n bo gọ́tà Agbowó ṣá o. Àwọn aráàdúgbò ló dá pákó jọ tí wọ́n fi bò ó, ìjábọ̀ sì kà á mọ́ iṣẹ́ káńsù.

Olúṣẹ̀yẹ jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́, ó ń retí kí fóònù dún. Nígbà tí kò dún, ó jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ ọkọ̀ máíkírà lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Agbowó. Wọ́n fún un mọ́ ẹnìkan níwájú. "Bàbá, ẹ sún díẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn fẹ́ dé," ni awakọ̀ wí. Ṣé-o-mọ-ẹni-tí-ò-ń-bá-sọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n rẹ̀ kó tó rántí pé òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́. Ó sún.

Ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó gùn, tí olùṣọ́-àgùntàn pàápàá wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"O kúùrìn. Kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kànga ilé kẹta ni a ti ń pọn."

Àwọn obìnrin wà ní ìdí kànga náà. Wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọnọ́rébù, ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ pọn." Ó fẹ́ bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bí obìnrin náà ti ń há ètè mọ́ ẹ̀rín. Ó dúró títí ó fi kàn án. Ìgbà tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé èjìká ni ó wá rí i pé kò ní ìdérí. Omi ń ta sí i lọ́rùn, ó ń ṣàn sínú bàtà rẹ̀, ó ń dún fọ̀ṣọ̀-fọ̀ṣọ̀ bí ó ti ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Ó da èyí tó kù sínú garawa. Ó mí kanlẹ̀, ó dúró, ó ń retí. Ìyá rẹ̀ wo inú garawa, wọ́n wo ojú ọmọ wọn tó ń làágùn.

"Ó tó fún àlùwàlá," ni wọ́n wí. "Ti ẹ̀wà ńkọ́?"

Olúṣẹ̀yẹ gbé kẹ́ẹ̀gì.